Omi Kejì

Ọjọ́ Ajé ni Idwal, ẹ̀gbọ́n mi, kọ́kọ́ wọ ihò èédú.
Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ṣòkòtò Bàbá tí Màmá gé lẹ́sẹ̀ ló wọ̀,
ó fi okùn so ó nísàlẹ̀ orúnkún
kí eku má bàa gba ibẹ̀ gòkè.
Òjò Wales ń rọ̀ bí ẹni tí kò níṣẹ́ mìíràn.
Mo dúró lójú fèrèsé títí. Kò wẹ̀yìn wò.

Wọ́n ní ọmọ tó mọwọ́ wẹ̀ ní í bágbà jẹun.
Ní àfonífojì tiwa, ọwọ́ tó bá dúdú
ló ń kọ́kọ́ kan àwo.
Nígbà tí wọ́n dé, n ò mọ èwo ni Bàbá, èwo ni Idwal,
àfi ìgbà tí ọ̀kan wúkọ́.

Màmá gbé ọpọ́n ìwẹ̀ síwájú iná,
ó ń da omi gbígbóná, kẹ́tùrù lórí kẹ́tùrù.
Bàbá wẹ̀.
Omi kejì, láti ìgbà tí mo ti gbọ́n,
èmi àti Idwal la jọ ń wọ̀ ọ́,
à ń ta omi síra wa lójú, à ń jà lórí ọṣẹ.
Mo ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Màmá dì mí léjìká mú:
“Gethin, dúró. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ ni.”
Ó wá kọjú sí ògiri,
Màmá tó bí i, tó mọ gbogbo àpá ara rẹ̀,
ó kọjú sí ògiri títí ó fi jókòó sínú omi.
Èmi ni mo wọ omi kẹta. Ó tutù, ó dúdú bí tàdáwà.

Lórí ibùsùn, ó fi òkòtó rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, tòun tokùn.
“Gbà. N ò nílò rẹ̀ mọ́.”
Ó ń fi agbára ki ohùn bíi ti Bàbá.
Mo fẹ́ fẹ́ àbẹ́là pa, ó gbá mi lọ́wọ́ mú.
Ó ní wọ́n gba àtùpà òun nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n pa á,
kí òun lè mọ ohun tí òkùnkùn jẹ́.
Òun gbọ́wọ́ síwájú ojú, òun ò rí ọwọ́.
Ẹṣin kan ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun,
ìyẹn nìkan ló jẹ́ kóun mọ̀ pé òun ṣì wà.
“Jẹ́ kó máa jó.”
Ohùn àná ló fi sọ ọ́.

N ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀, Màmá bá ìda tó yọ́ sórí àwo,
ó fi èékánná ha á, kò bi wá léèrè.
Nígbà tó dalẹ́, àbẹ́là tuntun ti wà níbẹ̀,
ó gùn ju ti àná lọ.