Tádàwà Lójú Nọ́ńbà Ilé

Tádàwà dúdú ni wọ́n fi gbà mí síṣẹ́ ní Gárkì,
yàrá kejì lẹ́yìn àtẹ̀gùn tí iná rẹ̀ ti kú láti èṣí.
Fọ́ọ̀mù ohun-ìní àwọn òṣìṣẹ́ ọba ni wọ́n ń kó wá;
kí ará ìlú tó rí i, èmi ni mo ń kọ́kọ́ rí i.
Mo ń pa nọ́ńbà ilé rẹ́,
mo ń pa orúkọ òpópónà rẹ́,
mo ń fi iye owó sílẹ̀.
Ọ̀gá mi, Màlámù Ndagi, ní:
"Iye ni ti ìlú. Ilẹ̀kùn ni ti onílé."

Ó dùn lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kan tí ọyẹ́ ti la ètè gbogbo wa,
Tíṣà Gwamna wọlé láti Nyanya,
fìlà rẹ̀ lọ́wọ́,
ọdún mẹ́rin owó ìfẹ̀yìntì tí kò wọlé lójú rẹ̀.
"Ẹni tó jókòó lé owó wa ti kọ́lé sí Maitama.
Ẹ júwe rẹ̀ fún mi. N kò ní sọ òkúta.
Mo fẹ́ ka fèrèsé rẹ̀ ni,
kí n mọ èyí tó jẹ́ tèmi nínú wọn."
Mo kọ iye owó ilé náà síwèé fún un.
Ó ń fi ìka tẹ òdo ìdí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan,
bí ẹni ń ka fèrèsé.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ọ̀dọ́kùnrin kan dé,
aṣọ rẹ̀ mọ́, èékánná rẹ̀ mọ́.
Ilé Adájọ́ Asabe ló ń bèèrè,
ẹni tó rán àbúrò rẹ̀ lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá.
Ẹ̀bùn lòun fẹ́ gbé lọ fún un, ó wí.
Kò gbé nǹkan kan lọ́wọ́.
Mo ti rí Adájọ́ náà rí, ó ń ra kòsáì lẹ́bàá ọ̀nà,
ọmọ rẹ̀ kékeré di ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ mú.

Bírò kan náà ni mo fi dá àwọn méjèèjì lóhùn.
Ọ̀dọ́kùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́.
Tíṣà ò dúpẹ́.

Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́.
Mo gbà.
Ti Maitama yẹn ńkọ́,
tí aláǹgbá ti wà nínú rẹ̀ kí a tó rẹ́ ẹ?

Mo délé ní Kubwa, ilẹ̀ ti ṣú.
Ìjọba ti fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára ògiri wa,
àti ọjọ́ tí katakata ń bọ̀.
Ọmọ aládùúgbò ń kà á sókè bí iṣẹ́ iléèwé.
Tádàwà ṣì wà ní àtàǹpàkò mi.
Mo fi ra ojú nọ́ńbà náà, mo tún un rà.
Ọ̀dà ti gbẹ.