Ogún Dín Méjì Létí Erédò

Ọjọ́ mẹ́ta la fẹ́ lò lábẹ́ aṣọ àgọ́
lẹ́yìn Òkè-Erì, níbi tí igbó ti fi ewé bo ẹnu yàrà àtijọ́.
Mo ti kọ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ sínú ìwé kékeré kan:
àárọ̀, orúkọ igi; ọ̀sán, ìṣirò; alẹ́, ìràwọ̀.
Mo tilẹ̀ fi rúlà fàlà sí i.

Bàbá wọn ń bá òpó àgọ́ jà.
Ó nà án ró, ó wó. Ó tún nà án, ó tún wó.
Kọ̀yà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, jókòó lórí kúlà,
ó ní, "Màámi, ṣé ìyẹn náà wà nínú ẹ̀kọ́?"

Kò sí nínú ìwé.
Ẹ̀fọn náà ò sí nínú ìwé,
bẹ́ẹ̀ ni gàárì tí àbúrò rẹ̀ dà sínú bàtà mi.

Bàbá Ọ̀dúfúwà tó ń ṣọ́ oko kòkó létí ibẹ̀
yọ sí wa pẹ̀lú àdá àti ẹ̀rín.
Mo ní kí àwọn ọmọ bi í ní orúkọ igi.
Ó pe ìrókò, ó pe arère, ó pe ahùn,
ó dé ìdí ọ̀kan, ó họ orí:
"Èyí, ìyá mi ló mọ̀ ọ́n. N ò bi í kó tó lọ."
Ìbílọlá kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́,
"Igi tí ìyá Bàbá mọ̀,"
ó ya àwòrán ewé rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́.

Ọ̀sán, a dé etí Erédò.
Wọ́n ní obìnrin ọlọ́rọ̀ kan ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ.
Kọ̀yà ní, "Ṣọ́bìrì mélòó?"

A ta kókó sí okùn, ìgbọ̀nwọ́ kan, kókó kan,
a so òkúta mọ́ ìdí rẹ̀, a ń sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.
"Lédè wa ni o. Ẹ má ka ti ilé ìwé."
Mọ́kànlá, méjìlá, mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá,
ohùn wọn ń gòkè bí ọ̀kẹ́rẹ́.
Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
Kọ̀yà di okùn mú. "Ẹ dúró. Níbo ni ogún ti wọ̀ ọ́?
A ò tíì dé ogún."

Mo la ẹnu, èsì ò jáde.
Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò,
ẹnìkan ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí.
Bàbá Ọ̀dúfúwà ló dáhùn, kò tilẹ̀ wo ojú wa:
"Ẹni tó ti Odògbolú fẹsẹ̀ rìn bọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde,
tó bá ti rí òrùlé, kì í ka èyí tó ti rìn mọ́.
Èyí tó kù ló ń kà.
Márùn-ún ló kù. Ó ti rí ogún lọ́ọ̀ọ́kán."

Mẹ́rìndínlógún. Mẹ́tàdínlógún.
Ní èjìdínlógún, okùn tán lọ́wọ́ wa.
Òkúta ń mì nísàlẹ̀, nínú òtútù ewé,
kò kan ilẹ̀.

Alẹ́, òjò pa ìwé mi. Ìràwọ̀ ò yọ.
Bàbá wọn se ìkọ́kọrẹ́, ewùrà ò jinná tán, a jẹ ẹ́.
Àgọ́ dagun sí apá kan, ṣùgbọ́n ó dúró.
Mo rò pé wọ́n ti sùn.

"Màámi, lọ́la ẹ jẹ́ ká wá okùn míì. Ó ku méjì."
"Bí kò bá kan ilẹ̀ ní ogún ńkọ́?"
Ó dákẹ́, ó pẹ́.
"Ká máa wo ọgbọ̀n."