Kọ̀ǹpútà Tòkunbọ̀

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà, ó dín díẹ̀,
owó kọ̀ọ́pù oṣù mọ́kànlá,
mo wé e sínú láílọ́ọ̀nù,
mo wọ mọ́tò láti Àgódi dé Kùín Sínímà.

Rájí gbé èyí tó fẹ́lẹ́ bí ewé síwájú mi,
ó ń dán, ó ń kọ mànà.
"Àǹtí, èyí ló wà lóde."
Mo ní: bí iná bá lọ ní aago mẹ́wàá,
tí ọ̀gá sì fẹ́ ìwé ìpàdé kó tó di ọ̀sán ńkọ́?
Rájí wo òkè.

Kí Bàbá Ládòkun tó fẹ̀yìn tì ló ti kìlọ̀ fún mi:
má wo ojú rẹ̀, dà á dé, wo ìdí rẹ̀.
Ohun tí kò ṣeé tú, kò ṣeé tún ṣe.

Abẹ́ àtẹ ni mo ti rí i,
dúdú, ó wúwo bí búlọ́ọ̀kù,
igun kan ti họ.
Lẹ́tà A ti parẹ́ lójú bọ́tìnnì rẹ̀;
ìka ẹni tí n kò mọ̀ ló nù ún kúrò,
lókè òkun, ní ọ́fíìsì tó tutù.
Mo tẹ orúkọ mi: Ọmọ́ṣaléwá.
Àmì ìsàlẹ̀ jáde, tòkè náà jáde.
"Èyí àgbà yìí?" Rájí bú sẹ́rìn-ín.
Mo ka owó fún un.

Lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méje,
iná lọ.
Gbogbo ọ́fíìsì mí kanlẹ̀.
Mo ń tẹ̀wé lọ,
ìka mi lórí A tí kò sí.