Odò tí Mo Fi Tàdáwà Fà

Ẹni tí kò dé ibì kan kì í júwe ibẹ̀.
Iṣẹ́ tèmi nìyẹn: kí n máa júwe ibi tí n kò dé.
Yàrá kan ni mo wà ní Leningrádì, mo fara ti ààrò,
ìwé Veretennikov ṣí sílẹ̀ níwájú mi,
ó ń rùn bí èéfín àti ẹja gbígbẹ.

Ọjọ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta ni wọ́n fi wọ́ ṣéènì lórí irà
níbi tí oòrùn kì í ti í wọ̀ ní Oṣù Keje,
tí ilẹ̀ rọ̀ lókè bí ẹ̀kọ,
tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì dì gbagidi.
Kò sí igi tí wọn ìbá fi sàmì.
Ìwo àgbọ̀nrín ni wọ́n rì mọ́lẹ̀,
wọ́n so àkísà pupa mọ́ ọn,
wọ́n gun òkè kejì, wọ́n fi awò wá a.

Lójú ewé kẹtàdínlógún, àbàwọ́n kan wà ní kọ́rọ́ odò.
Mo ti ki kálàmù bọ tàdáwà aláró,
mo fẹ́ sọ ọ́ di adágún,
kí n tó rí ìyẹ́ tínńtín tó lẹ̀ mọ́ ọn.
Ẹ̀fọn ni. Ẹnìkan ló pa á síbẹ̀.
Ẹ̀jẹ̀ ta ni, n kò mọ̀.

Ní apá àríwá, odò méjì: Ìyẹn, àti Ìyẹn-Náà.
Mo kọ wọ́n bí mo ṣe bá wọn.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, Veretennikov fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ pé
ọ̀rọ̀ kò pọ̀ nínú èdè àwọn ará ibẹ̀.

Ọdún méje lẹ́yìn náà, ọmọ Nẹ́nẹ́tì kan wọlé,
Yabko, akẹ́kọ̀ọ́, yìnyín ṣì wà ní bàtà rẹ̀.
Ó wo ara ògiri, ó bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
"Ìyá mi, Hadne, ló ń fọ̀nà hàn wọ́n.
Odò yìí, orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀ ló ń jẹ́.
Èyí, ti ìyá ọkọ.
Ìyàwó ilé kì í gbé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sẹ́nu.
Wọ́n bi í léèrè, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní: ìyẹn."

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ẹ̀dà ti jáde.

Mo ní kí ló wá ń jẹ́ gan-an?
Yabko bojú wẹ̀yìn,
bí ẹni pé ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà,
ó ní kí n mú etí wá.