Ó Dán, A Ò Tíì Dán An Wò

Ọdún tí mo dé Utako, ọwọ́ mi yá ju ojú mi lọ.
Wọ́n gbé áàpù tuntun lé mi lọ́wọ́,
káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àwọn ọmọ ọwọ́,
pé kí n dán an wò kó tó jáde.
Ara rẹ̀ ń dán bí ewé kókò lẹ́yìn òjò.
Mo tẹ orúkọ, mo tẹ ọjọ́ ìbí, mo ní kó fi pamọ́.
Ó fi pamọ́.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀ gàdàgbà pé: Ó ń ṣiṣẹ́.

Talatu kà á, ó ti jígí ojú rẹ̀ sókè.
"Ó ń ṣiṣẹ́ fún ta?"

Ọmọ Kagoro ni Talatu, kì í pariwo.
Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ ẹ̀pà díndín
bí ẹni tí ẹ̀pà jẹ ní gbèsè.
Ó ní, "Tẹ orúkọ tìrẹ, bí ìyá rẹ ṣe ń pè é."
Mo tẹ Ẹkúndayọ̀, tàmì tàmì.
Ẹ̀rọ gé mi lórí, ó gé mi lẹ́sẹ̀:
"kúnday" ló ṣẹ́ kù.
Ẹkún ò pé, ayọ̀ ò pé.
Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ẹ̀rín rẹ̀ nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́ àìgbọ́ràn.
Níbi tí wọ́n ní kí n kọ nọ́ńbà fóònù, mo kọ àlùbọ́sà.
Mo tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni tí nẹ́tíwọọ̀kì sá fún lọ́nà Gwagwalada.
Mo bí ọmọ tó ju ìyá rẹ̀ lọ.
Mo pa fóònù nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.
Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà;
ẹni tó ń wo ewé nìkan, àfàìmọ̀ kó má sè é mọ́ ọbẹ̀.
Wọ́n fi kún owó oṣù mi. Mo ra bàtà ní Wuse.
Mo ní mo ti mọṣẹ́.

Ọmọ tí Asabe bí ní Kwali
ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejì,
ọjọ́ tí kì í wá lọ́dọọdún,
áàpù wa ò mọ̀ ọ́n rí.
Ìgbà mẹ́ta ló pọ̀n ọ́n lọ sílé ìwòsàn nínú oòrùn oṣù Kẹrin,
ìgbà mẹ́ta ni nọ́ọ̀sì wo ojú fóònù
tó ní, "Kò sí ọmọ yìí."
Ọmọ náà sì ń ké lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Talatu ò bá mi wí.
Ó ká bébà ẹ̀pà rẹ̀, ó ní ká lọ.
Asabe fún wa lómi, ó bi wá pé
kí niṣẹ́ wa gan-an?
Mo ní, "Àwa là ń ṣe àṣìṣe sílẹ̀ de àwọn èèyàn."
Ó wò mí títí.
"Ẹ ò ṣe tèmi."

Ó pé ọdún mẹ́fà báyìí. Talatu ti padà sí Kagoro.
Lánàá, Bitrus gbé fóònù wá, ọmọdé tí ọwọ́ rẹ̀ yá:
"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo bó ṣe ń dán!"
Mo gbà á. N ò tíì kí i tán
tí mo ti ń wá oṣù Kejì kiri,
ẹ̀pà kan lẹ́nu mi, ẹyọ kan ṣoṣo.