Igi Kan ní Àbàtà Wéékúrọ́ọ̀sì

Oṣù Kẹta. Omi àbàtà dúdú bíi tíì
tí ẹnìkan gbàgbé sínú kọ́ọ̀bù láti àná.
Màmá Odẹ́sà jókòó síwájú ọkọ̀,
ó gbé ẹsẹ̀ tí mo máa ń dì ní bándéèjì
ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun lé orí ìrọ̀rí,
ó ní kí n má wulẹ̀ bẹ̀rù ọ̀nì:
"Ọ̀nì ò ráyè tìẹ."

Ó ń fi ọ̀pá júwe.
Èyí tí kò tíì tanná, Igi Bọ́tìnnì;
ó di Oṣù Kẹfà kó tó yọ òdòdó róbótó, funfun,
bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a gún abẹ́rẹ́ mọ́ lára yíká.
Èyí, Ọṣẹ Tálákà:
bó bá tanná, fi ra ọwọ́ nínú omi, á hó.
Èyí, Dájá-Lọ́nà.
"Ajá tó ń lé béárì," ó ní.
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Àti ajá tó ń lé ohun mìíràn."

Ìgbà náà la kan èyí tó tẹ̀ ba sórí omi,
ẹ̀ka rẹ̀ lọ́ mọ́ra bí irun tí kò rí òòyà,
ewé rẹ̀ ń dán bí ẹni pé wọ́n fi àdín pa á lára.
Òdòdó wẹ́wẹ́, bí aago, pupa fẹ́ẹ́rẹ́,
gbogbo wọn dojú kọlẹ̀ bí ìyàwó tuntun.

"Kí lorúkọ tèyí?"
"Ìwé ní Igi Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀.
Bàbá mi ní Igi Húréè."

Níbi tí wọ́n bí mi sí, à ń wo ilé ká tó sọmọ lórúkọ.
Ilé wo ni wọ́n wò níhìn-ín?
Ta ló kọ́kọ́ rìn débí lóru,
tí ẹ̀ka yìí gbá a mú lọ́rùn ẹsẹ̀,
tó ní: irin tí mo bọ́ sílẹ̀ ló tún hù yìí?
Ta sì lẹnìkejì, tó gba abẹ́ ẹ̀ka kan náà kọjá,
tó gbọ́ tí gbígbó ajá ń jìnnà,
ń jìnnà,
tó wá kígbe, nínú ikùn nìkan: húréè?

Mo bi màmá. Ó rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi mì.
"Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ oyin ni bàbá mi ń sọ.
Bí igi yìí bá ti tanná, oyin ti dé nìyẹn."

Lóòótọ́, oyin kan fi ẹ̀yìn jáde nínú aago kan,
àtíkè ìyeye lórí ìdí rẹ̀.
Mo ti ọkọ̀. Ẹ̀ka náà fà mí lápá aṣọ,
mo rọra tú u, kò ṣẹ́.
Mi ò tíì mọ èyí tí n ó máa pè é.