Lẹ́tà Òru sí Ọmọ Tó Fẹ́ Mọ Ojú Ọ̀run

Akínlọlú, ọmọ Ìjọ̀kà,
o bi mí lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìyá rẹ,
pé báwo lèèyàn ṣe ń di ẹni tó ń sọ pé òjò yóò rọ̀.
Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní n óò kọ ọ́ sílẹ̀.
Òru ti jìn báyìí ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Àkúrẹ́.
Èmi àti ọdẹ nìkan la ṣẹ́kù,
ọdẹ sì ti ń hanrun.

Má rò pé òkè nìkan là ń wò.
Ìṣirò ni. Ìṣirò kí ilẹ̀ tó mọ́, ìṣirò lẹ́yìn tó ṣú.
Bí o bá ń sá fún tíṣà ìṣirò yín,
padà lọ kí i.
Mú físíìsì dání, mú jọ́gíráfì,
kó o tó kan ilẹ̀kùn yunifásítì ní Ọ̀bánlá,
níbi tí mo ti lo ọdún márùn-ún
tí ìyanṣẹ́lódì fà á gùn di mẹ́fà ààbọ̀.
Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé afẹ́fẹ́ wúwo,
pé ìkúukùu lórúkọ bí ọmọ èèyàn:
èyí tó rí bí òwú tí wọ́n gbọ̀n sórí ẹní,
èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ tí wọ́n sá,
èyí tó ga fìrìgbọ̀n, tó fẹ̀ lórí bí olú ọ̀gán.
Bí o bá rí ìyẹn níhà ìlà oòrùn lọ́sàn-án,
sáré ká aṣọ.

Wọ́n tún rán mi lọ sí Òṣòdì fún oṣù díẹ̀
láti kọ́ ojú mi níṣẹ́.
Pín ojú ọ̀run sí ọ̀nà mẹ́jọ bí ẹni ń pín iṣu fún ọmọ,
sọ iye tí ìkúukùu ti jẹ níbẹ̀.
Bí o bá ṣí àpótí funfun,
jẹ́ kí ojú rẹ bá òṣùwọ̀n dọ́gba,
kí o sì di èémí mú:
èémí rẹ náà, ooru ni.

Ohun kan wà tí wọn ò kọ́ mi.
Oko kòkó ni bàbá mi ń ṣe ní Ọ̀dà.
Ọdún kìn-ín-ní mi lẹ́nu iṣẹ́, nínú oṣù Ọ̀wàrà,
mo pè wọ́n láàárọ̀: “Bàbá, ẹ sá kòkó yín, òní á gbẹ.”
Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òjò dé,
kò kí ẹnikẹ́ni.
Kí bàbá mi tó wọ́ ẹsẹ̀ dídùn rẹ̀ dé ìdí ẹní,
àgbàrá ti gba ìdajì.
Mo lọ tọrọ àforíjì lọ́jọ́ kejì.
Wọ́n ń ṣa èyí tó bu kúrò lára èyí tó dára,
wọn ò gbójú sókè.
“Fẹ̀yìntọlá, mélòó ló rọ̀?”
“Mìlímítà mọ́kànlélógún.”
“Ṣé o kọ ọ́ sílẹ̀?”
Mo ní mo kọ ọ́.
“Ó dáa. Bá mi di etí àpò yìí mú.”

Àwa mẹ́rìndínlógún la jáde.
Mọ́rẹ́nikẹ́ wà lórí omi pẹ̀lú àwọn elépo, ó ń wọn ìgbì.
Ògúnmọ́dẹdé wà ní Kánò,
ó ń sọ ibi tí eruku ọyẹ́ dé fún àwọn awakọ̀ òfuurufú.
Adégòkè ń ta sìmẹ́ńtì ní Ọyẹ́mẹ́kùn,
ṣùgbọ́n kò tíì kó àpò kan síta rí
láì kọ́kọ́ wo òkè.

Aago kan ti lù. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì, mo jáde.
Ìrì wà lórí koríko,
ìsàlẹ̀ agolo òjò gbẹ táútáú.
Mo kọ òdo sínú ìwé.
Má fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo láé, Akínlọlú.
Bó bá ṣófo, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lọ wò ó.
Òdo ń sọ pé mo jáde.